Kóńgò Mẹ́wàá Tí Mi Ò Wọ̀n ní Òkukù

Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹlòmíì tó bá mi sọ ọ́: mi ò parí ìwé. Wọn ò lé mi o. Èmi ni mo lé ara mi. Ẹni tí wọ́n bá lé ṣì lè rí ẹni bú. Èmi tí mo fi ẹsẹ̀ ara mi rìn jáde, ta ni n ó bú?

Gàárì ló lé mi jáde.

Ní Ìkìrun nígbà náà, Alàgbà ló ń kọ́ àwa tí a fẹ́ tún ìdánwò ṣe ní ìṣirò. Alàgbà la máa ń pè wọ́n torí pé àgbà ni wọ́n nínú ìjọ Aládùúrà. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, sùtánà ló máa ń sọ wọ́n di funfun. Tó bá di Mọ́ńdè, ṣọ́ọ̀kì ni. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ní kí oníkálukú wa lọ wọn kóńgò gàárì: mẹ́wàá lọ́jà Ìkìrun, mẹ́wàá ní Ìnísà, mẹ́wàá ní Òkukù. Kí a wá ààrin wọn ní ọjà kọ̀ọ̀kan, kí a sì wá fáríáǹsì, ìyẹn ni bí ìwọ̀n àwọn kóńgò náà ṣe fọ́nká tó kúrò lára ààrin yẹn. Tí a bá ṣe ìyẹn tán, kí a pa ìwé tí a kọ ìwọ̀n sí dé. Kí a wá fi àkópọ̀ ọjà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nìkan wá fáríáǹsì ọgbọ̀n kóńgò náà lápapọ̀.

Mo ṣe ti Ìkìrun. Mo ṣe ti Ìnísà, torí pé ibẹ̀ nilé ìyá mi. Nígbà tó kan Òkukù, oòrùn mú, ọkọ̀ ò tètè kún, mo bá jókòó sábẹ́ igi máńgòrò kan ní Ìnísà, mo hùmọ̀ kóńgò mẹ́wàá Òkukù látinú orí mi. Mo tiẹ̀ jẹ́ kí wọ́n yàtọ̀ síra díẹ̀ kó lè jọ òótọ́. Ọ̀lẹ ni mí, àmọ́ ọ̀lẹ tó ní làákàyè. Lẹ́yìn náà, mo kó fáríáǹsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, mo fi mẹ́ta pín in. Ó parí.

Alàgbà wo ìwé mi, wọ́n wo ojú mi.

“Ṣé o dé Òkukù?”

“Mo débẹ̀, sà.”

“Àwọn obìnrin Òkukù máa ń mi kóńgò kí gàárì lè jókòó dáadáa. Tiwọn ló máa ń wúwo jù nínú ọjà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kí ló dé tí tìrẹ fi fúyẹ́ jù?”

Àwọn ẹgbẹ́ mi ti ń fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo ní, “Bóyá apá ń ro wọ́n lọ́jọ́ yẹn, sà.”

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Alàgbà ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi bírò pupa ya òdo kan sórí ìwé mi, ó tóbi, ó rí rìbìtì bí àkàrà. Wọ́n ní, “Ká tiẹ̀ ní o dé Òkukù, ìṣirò tó o ṣe yìí ṣì jẹ́ irọ́. Ìjà inú ilé lo wọ̀n, o gbàgbé ìjà ilé sí ilé. Dúró kí n là á yé ọ.”

Mi ò dúró. Mo gbé báàgì mi, mo ní, “Alàgbà, jíjẹ ni mo mọ gàárì sí, mi ò mọ̀ ọ́n wọ̀n.” Ẹ̀rín tún sọ. Mo fi ẹ̀rín yẹn ṣe kẹ̀kẹ́, mo gùn ún jáde. Kò gbé mi dé ẹnu géètì tó fi jò.

Ẹ má bi mí bí mo ṣe dókè òkun. Mo ṣáà débẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní, èéfín ń jáde lẹ́nu mi, mo rò pé nǹkan ti ń jóná nínú mi. Lọ́jọ́ kejì, mo wọ bọ́ọ̀sì, mo kí gbogbo èrò inú rẹ̀ ní ohùn rara: ẹ káàárọ̀, mo sì sọ ọ́ lédè òyìnbó pẹ̀lú. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ìyá kan tiẹ̀ gbá báàgì rẹ̀ mọ́ra. Ní Ìnísà, tó o bá kọjá lára èèyàn láìkí i, kí o tó délé ìyá rẹ á ti gbọ́ pé orí rẹ ti dàrú. Níbí, kíkí gan-an ni àmì pé orí rẹ dàrú. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́. Ó le ju ìṣirò lọ.

Mo ríṣẹ́ nílé iṣẹ́ búrẹ́dì kan. Láìnì mẹ́ta ni wọ́n ní. Lórí láìnì kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan máa ń gé ìyẹ̀fun pípò, á fi sórí òṣùwọ̀n alápá méjì, irin á wà lápá kejì. Bí apá méjèèjì bá ṣe déédéé, ó tó nìyẹn. Iṣẹ́ tèmi wà ní ìparí: n ó mú búrẹ́dì tó ti jinná láti láìnì kọ̀ọ̀kan, n ó wọ̀n ọ́n, n ó kọ ọ́ sórí ìwé. Súpáfáísọ̀ wa, Ọ̀gbẹ́ni Hárì, á gba ìwé náà, á ṣe àkópọ̀ rẹ̀ sínú ìwé ńlá rẹ̀: búrẹ́dì mélòó, ààrin wọn, fáríáǹsì wọn. Tó bá ṣe é tán, á dá ìwé mi padà fún mi pé kí n lọ tọ́jú rẹ̀.

Mo tọ́jú rẹ̀ lóòótọ́. Inú bàtà mi ni mo ń tọ́jú rẹ̀ sí. Òtútù ibẹ̀ máa ń gun ẹsẹ̀ wá láti ìsàlẹ̀, ìwé ìwọ̀n sì nípọn. Ilé iṣẹ́ ńlá kan, gbogbo àkọsílẹ̀ rẹ̀ ń bẹ lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ Ìnísà.

Rúùbì ló wà lórí láìnì kejì. Jàmáíkà ló ti wá, ó sì ti lo ọdún tó pọ̀ níbẹ̀. Àǹtí Rúùbì ni mo ń pè é. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀, ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀, ó ní, “Ta ló kọ́ ọ?” Mo ní ìyá mi ni. Ó ní, “Sọ fún ìyá rẹ pé ó ṣeun.” Láti ọjọ́ yẹn, ó máa ń bá mi fi ìdí búrẹ́dì gbígbóná pamọ́. Òun nìkan ló máa ń dáhùn tí mo bá kí i.

Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù ni mo máa ń pe ilé. Ìyá mi á wọ ọkọ̀ láti Ìnísà wá sí ọ́fíìsì tẹlifóònù ní Ìkìrun, á jókòó dè mí. Èmi náà á dúró nínú àpótí onígíláàsì tí tẹlifóònù wà, pẹ̀lú ẹ̀kúnwọ́ kọ́ìnì, mo ń jẹ́ kí wọ́n já bọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

“Ọkọ mi, ṣé ò ń jẹun?”

“Mò ń jẹun, mà.”

“Kí lò ń ṣe gan-an níbẹ̀?”

“Ìṣirò ni, mà.”

Kì í kúkú ṣe irọ́ pátápátá. Mò ń ka búrẹ́dì. Ìyá mi ti lọ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ òun ń ṣe ìṣirò fún òyìnbó. Wọ́n ní gbogbo ìjọ ló dìde jó.

Lóṣooṣù náà ni mo ń sọ fún un pé ara mi le. Ààrin ni mo ń sọ fún un. Mi ò sọ ọjọ́ tí mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn tí mo ń bá ògiri sọ Yorùbá kí ahọ́n mi má bàa gbàgbé, bẹ́ẹ̀ ni mi ò sọ ọjọ́ tí Rúùbì mú mi rẹ́rìn-ín títí ikùn fi dùn mí. Ọjọ́ burúkú àti ọjọ́ dáadáa, mo lù wọ́n pọ̀, mo fi ara le dá a lóhùn.

Ní Fúráìdé kan, máníjà wọlé pẹ̀lú ojú tó le. Oníbàárà wa tó tóbi jù, tó ní ṣọ́ọ̀bù káàkiri, ní búrẹ́dì wa ò dọ́gba mọ́, àwọn kan ń wú, àwọn kan ń rù. Àdéhùn wọn ni pé ìfọ́nká náà ò gbọ́dọ̀ ju gíráàmù mẹ́wàá lọ. Máníjà kó búrẹ́dì wá láti ṣọ́ọ̀bù, lára èyí tí a ṣe ní Wẹ́sìdé, ó ní kí n wọ̀n wọ́n. Mo wọ̀n wọ́n. Ìfọ́nká wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gíráàmù mẹ́rìndínlógún.

Ọ̀gbẹ́ni Hárì ṣí ìwé ńlá rẹ̀. “Ẹ wo ti Wẹ́sìdé náà níbí. Kò sí láìnì kankan tó burú. Mo pa wọ́n pọ̀, mo pín in, gíráàmù tó fọ́nká kò tó mẹ́fà. Ọmọ yìí ni ò mọ ìwọ̀n kà.”

Mo ní, “Sà, èmi náà ni mo wọ̀n wọ́n lọ́jọ́ Wẹ́sìdé.”

“Mo dúró tì ọ́ lọ́jọ́ Wẹ́sìdé. Lónìí, ìwọ nìkan lo dá ṣe é.”

Máníjà ní kí wọ́n kó búrẹ́dì ṣọ́ọ̀bù náà wá kí wọ́n tún un wọ̀n. Wọ́n wá a títí. Àwọn òṣìṣẹ́ ti fi í mu tíì. Kí n má purọ́, èmi náà jẹ nínú ẹ̀rí ara mi, ègé méjì, mo tún fi bọ́tà sí i.

Máníjà ní, “Ìwé tó o kọ ti Wẹ́sìdé sí ńkọ́?”

Mo wo bàtà mi. Ìwé Wẹ́sìdé ti di ẹ̀kọ.

Mo ní ká tún wọn búrẹ́dì míì. Hárì ní bí ti ọ̀la bá dára, ìyẹn ò lè fọ ti Wẹ́sìdé mọ́. Máníjà kàn wò mí. “Mo fún ọ di Fúráìdé tó ń bọ̀. Fi hàn mí pé ìwé Hárì ò tọ̀nà, àbí kí o bọ́ kóòtù iṣẹ́ ọrùn rẹ, kí o dá a padà.”

Kóòtù iṣẹ́ yẹn ni ilé tí mò ń sùn, òun ni oúnjẹ mi, òun ni ìdúpẹ́ tí ìyá mi ti jó tán ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo da ohun tó wà nínú ìwé Hárì kọ. Láìnì kìíní: búrẹ́dì mẹ́wàá, ààrin wọn gíráàmù 790, fáríáǹsì wọn 25. Láìnì kejì: mẹ́wàá, 830, fáríáǹsì 49. Láìnì kẹta: ogún, 800, fáríáǹsì 25.

Mo jókòó. Mo kó fáríáǹsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, mo fi mẹ́ta pín in. Ó fún mi ní 33. Mo wá iye tó jẹ́ pé tí a bá fi ara rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀ á jẹ́ 33, torí ìyẹn ni ìfọ́nká ní gíráàmù; kò tó mẹ́fà. Ohun kan náà tí Hárì rí. Mo bá ju bírò sílẹ̀. Ọwọ́ mi tún ti ṣe ohun tó ṣe nígbà gàárì! Ohun tó wá yà mí lẹ́nu ni pé Hárì náà ṣe é. Òyìnbó odindi, òun náà ti jókòó sábẹ́ igi máńgòrò.

Ẹnì kan ṣoṣo láyé ló mọ ìdajì tó kù, Alàgbà, mi ò sì dúró kí wọ́n sọ ọ́ tán.

Ọjọ́ kejì ni Sátidé ìpè. Ìyá mi gbé e.

Mo ní, “Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe Alàgbà. Ilé wọn ò jìnnà síbẹ̀.”

“Alàgbà wo? Èyí tó o ní ó kórìíra rẹ?”

“Àwọn náà ni, mà. N ó tún pè ní wákàtí kan sí i.”

“Ọkọ mi, ṣé kò séwu?”

“Ìṣirò ni, mà.”

Wákàtí kan yẹn gùn ju ọdún tí mo ti lò níbẹ̀ lọ. Nígbà tí mo tún pè, mo gbọ́ tí Alàgbà wúkọ́ díẹ̀.

“Ẹ káàsán, sà.”

“Ṣé ẹni tó mọ gàárì jẹ nìyẹn?”

“Èmi ni, sà.” Mo bá dọ̀bálẹ̀. Ibẹ̀ ò gba èèyàn, orí mi gbá gíláàsì, obìnrin kan tó ń kọjá lọ dúró wò mí. “Sà, mi ò dé Òkukù lọ́jọ́ náà.”

“Mo mọ̀. Igi máńgòrò wo ni?”

“Èyí tó wà nítòsí ibùdókọ̀, sà.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì gbọ́ ẹ̀rín wọn rí. Mo ka nǹkan tó wà nínú ìwé Hárì fún wọn, kọ́ìnì ń já bọ́.

Wọ́n ní, “Gbọ́ dáadáa, kọ́ìnì rẹ ò pọ̀. Ìjà inú ilé nìkan lẹ wọ̀n, ìwọ àti ọ̀gá rẹ. Inú ilé kọ̀ọ̀kan lè tòrò kí ilé sí ilé máa jìnnà síra. Kọ́kọ́ wá ààrin gbogbo ogójì búrẹ́dì. Ilé tó ní ogún èèyàn ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì ilé tó ní mẹ́wàá, má ṣe kà wọ́n bákan náà. Wo bí ààrin ilé kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí ààrin ńlá yẹn. Sọ ọ́ di ìlọ́po ara rẹ̀, fún gbogbo ẹni tó ń gbé ilé náà. Kó wọn pọ̀, fi ogójì pín in. Ìyẹn ni ilé sí ilé. Ṣe inú ilé náà bẹ́ẹ̀, kí iye èèyàn hàn níbẹ̀. Kí o wá pa méjèèjì pọ̀. Ṣé o gbọ́?”

“Mo gbọ́, sà.”

“Ó dáa. Òkukù ńkọ́? O ṣì—”

Kọ́ìnì tán.

Mo kọ ìṣirò náà sẹ́yìn àpò ìyẹ̀fun òfìfo kan lásìkò ìsinmi oúnjẹ ní Mọ́ńdè, pẹ̀lú Rúùbì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ààrin gbogbo wọn jẹ́ 805. Láìnì kìíní fi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún rẹlẹ̀ sí i, èkejì fi mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ga jù ú lọ, ẹ̀kẹta fi márùn-ún rẹlẹ̀. Mo sọ wọ́n di ìlọ́po ara wọn: 225, 625, 25. Mo fi iye búrẹ́dì sọ wọ́n di púpọ̀: 2,250, 6,250, 500. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 9,000. Mo fi ogójì pín in, ó jẹ́ 225. Ti inú ilé náà, tí mo fi iye búrẹ́dì sọ fáríáǹsì kọ̀ọ̀kan di púpọ̀ kí n tó fi ogójì pín àpapọ̀ wọn, jẹ́ 31. Àpapọ̀ méjèèjì: 256.

Mẹ́rìndínlógún lọ́nà mẹ́rìndínlógún.

Mo pariwo, tíì Rúùbì dà nù. Ìwọ̀n mi tọ̀nà! Ègé méjì tí mo fi bọ́tà sí lọ́jọ́sí, wọn ò purọ́ mọ́ mi.

Rúùbì ò bá mi yọ̀. Ìka rẹ̀ wà lórí 830.

“Láìnì mi nìyí.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí.”

“Èmi nìyẹn. Èmi ni mò ń gé e jù.”

Ẹ̀rù bà mí. Ẹnì kan ṣoṣo tó ń dáhùn kíkí mi, mo ti fi ìṣirò mú un. Mo wo àpò ìyẹ̀fun, mo fẹ́ fà á ya. Mo sì lè sọ pé mi ò rí nǹkan kan, kí n dá kóòtù padà, kí n wá iṣẹ́ míì. Ọ̀nà àbáyọ tèmi tẹ́lẹ̀ nìyẹn, kí n gbé báàgì mi. Ṣùgbọ́n mo rántí kóńgò. Kò sí obìnrin kankan tó ń bá obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ jà nínú ọjà wọ̀nyẹn. Ohun tí wọ́n bá lọ́wọ́ àwọn ìyá wọn ni wọ́n fi ń wọ̀n. Mo ní, “Àǹtí, ẹ gbé irin yín wá. Èyí tí ẹ fi ń wọ̀n.”

Ó gbé e wá. “Irin yìí ni wọ́n fún mi lọ́jọ́ tí mo dé. Ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n.”

Mo dojú rẹ̀ dé. Ìyẹ̀fun ọdún pípẹ́ ti gan mọ́ ìdí rẹ̀, ó le bí òkúta, ó dúdú bí irin fúnra rẹ̀. Rúùbì fi èékánná ha á. Ó ní, “Má fọ̀ ọ́. Jẹ́ kí wọ́n rí i bẹ́ẹ̀.”

Nígbà tí Fúráìdé pé, mo ya ilé mẹ́ta sára àpò náà, mo là á sílẹ̀ bí Alàgbà ṣe là á. Ọ̀gbẹ́ni Hárì ní àlọ́ ni mò ń pa. Mo ní, “Ẹ gbé irin láìnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí ìwọ̀n kan ṣoṣo, sà.” Rúùbì fúnra rẹ̀ ló gbé tirẹ̀ síwájú, ó gbé orí sókè. Irin kejì wúwo jù. Irin kìíní ti kán létí, ó fúyẹ́ jù. Máníjà mú ọ̀bẹ, ó ha ìdí irin Rúùbì, èépá ìyẹ̀fun já bọ́ sórí tábìlì, pọ́!

Hárì wo èépá yẹn pẹ́. “Bí mo ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ yìí nìyẹn,” ló sọ. Kò bẹ̀ mí, mi ò sì retí rẹ̀. Àmọ́ ní Mọ́ńdè, ó gbé ìwé ńlá rẹ̀ síwájú mi. “Máa kọ ọ́ bó o ṣe mọ̀ ọ́n kọ. Kí o sì lọ ra ìbọ̀sẹ̀.”

Mo forúkọ sílẹ̀ níléèwé ìrọ̀lẹ́ lọ́dún yẹn.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi ìṣirò yìí wo ara mi. Wọ́n máa ń bi àwa tí a jáde nílé pé ibo gan-an ni tiwa báyìí, ilé àbí òkè òkun. Bí ẹ bá wá ààrin Ìnísà àti ìlú búrẹ́dì yẹn, inú aṣálẹ̀ lẹ ó bá mi, èmi àti ràkúnmí. Mi ò gbé ibẹ̀. Ọ̀nà jíjìn tó wà láàárín ilé méjèèjì wà lára mi, ẹni tí kò bá kà á mọ́ mi ò tíì kà mí tán.

Ìgbà tí mo kọ́kọ́ padà wálé, ní nǹkan bí ọdún 1995, mi ò tíì lo ọjọ́ mẹ́ta ní Ìnísà tí mo fi wọ ọkọ̀ lọ sí Òkukù pẹ̀lú ìwọ̀n kékeré nínú báàgì. Mo bẹ ìyá kan tó ń ta gàárì kó bá mi wọn kóńgò mẹ́wàá, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

“Gbogbo rẹ̀ lẹ fẹ́ rà?”

“Ọ̀kan ni n ó rà, mà. Mo fẹ́ wọn àwọn tó kù ni. Iṣẹ́ àṣetiléwá ni.”

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. “Iṣẹ́ àṣetiléwá? Pẹ̀lú irùngbọ̀n?”

Ó pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá wò mí. Wọ́n fi mí ṣẹ̀sín dọ́ba. Ṣùgbọ́n ó bu gàárì, ó gbọn kóńgò náà lẹ́ẹ̀mẹta, gàárì jókòó, ó tún bù sí i. Òótọ́ ni Alàgbà sọ.

Mo bá Alàgbà níwájú ilé wọn ní Ìkìrun. Irun wọn ti funfun, kò gba ṣọ́ọ̀kì mọ́. Mo dọ̀bálẹ̀, mo na ìwé iṣẹ́ náà sí wọn: ọjà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí mo wọ̀n ní tòótọ́ báyìí, ìjà inú ilé, ìjà ilé sí ilé. Wọn ò kí mi káàbọ̀. Wọ́n wá awò ojú wọn, wọ́n yẹ ìlà kọ̀ọ̀kan wò, wọ́n fa bírò pupa yọ lápò. Mo dúró, mo ká ọwọ́ sẹ́yìn bí ọmọ kíláàsì.

Wọ́n kọ mẹ́jọ nínú mẹ́wàá.

“Sà, méjì tó kù ńkọ́? Ibo ni mo ti ṣì í?”

Wọ́n dé bírò wọn padà. “O ò ṣì í. O pẹ́ ni.”